Láti iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó sí ìdí ọkọ̀ akẹ́rù ní Bìrìtéènì: ẹ gba obìnrin kan nímọ̀ràn

Ìbéèrè (obìnrin, Leeds)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìlú Leeds ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wa méjì, èyí àbúrò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣe láti ìgbà tí a ti dé ilẹ̀ yìí. Mo mọ rírì iṣẹ́ náà, nítorí òun ló gbé wa ró nígbà tí a kò tíì mọ ẹnì kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn mí nítorí gbígbé àwọn ènìyàn dìde lórí ibùsùn, owó tí mo ń gbà kì í sì í ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti san owó ilé àti owó iná. Mo ní ìwé ìwakọ̀ ilẹ̀ yìí fún ọkọ̀ kékeré, mo sì fẹ́ràn ọ̀nà jíjìn. Ara mi máa ń balẹ̀ bí mo bá wà nídìí ọkọ̀ ní èmi nìkan. Ìdí nìyí tí mo fi ń rò ó láti lọ kọ́ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, irú èyí tí à ń pè ní tírélà nílé. Ìyá mi gbọ́, wọ́n ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, wọ́n sì bèèrè pé ta ni yóò máa wo ọmọ. Ọkọ mi kò sọ pé kí n má ṣe é, kò sì tíì sọ pé kí n ṣe é. Mo ti lé ní ogójì ọdún, n kò sì ga. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú iṣẹ́ náà, ṣé ó ṣeé ṣe fún irú mi, kí ni ó sì yẹ kí n mọ̀ kí n tó san owó fún ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ kankan?

Ìdáhùn (obìnrin, awakọ̀ tírélà òru, Wakefield)

Àbúrò mi, mo kí ọ, mo sì kí ìyá wa nílé. Ó ṣeé ṣe. Gíga kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àga awakọ̀ ṣeé gbé sókè, ó ṣeé fà síwájú, sítíárì náà sì ṣeé fà mọ́ra. Àtẹ̀gùn ni a sì fi ń gun orí ọkọ̀. Ọjọ́ orí náà kò dí ọ lọ́wọ́, nítorí òfin kò sọ pé ẹni báyìí ti dàgbà jù láti bẹ̀rẹ̀, bí ara bá ṣáà ti le.

Wákàtí ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, kí o tó ronú kan ìdánwò rárá. Iṣẹ́ tó yàtọ̀ síra pátápátá ló wà lábẹ́ orúkọ awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn kan ń gbé ọjà lọ sí ilé ìtajà ńláńlá: agogo mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń padà sílé lọ́sàn-án. Àwọn kan wà tí à ń pè ní tramper, tí wọ́n ń jáde ní ọjọ́ Ajé, tí wọ́n ń sun inú ọkọ̀, tí wọ́n sì ń padà ní ọjọ́ Ẹtì. Àwọn mìíràn ń gbé kọ̀ǹtéénà láti èbúté Felixstowe tàbí Immingham, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ìgbà tí èbúté yóò dá wọn sílẹ̀. Trunking ni iṣẹ́ tèmi. Alẹ́ ni mo ń gbéra láti ibùdó ìkẹ́rùsí kan nítòsí mọ́tòwéè M62, màá fa tírélà tó kún lọ sí ìhà Daventry, màá já a sílẹ̀ níbẹ̀, màá so òmíràn tó ti ń dúró dè mí mọ́ orí ọkọ̀, màá sì padà. N kì í fọwọ́ kan ẹrù. Nígbà tí àwọn ọmọ mi ṣì kéré, mo máa ń délé ní àkókò tí wọ́n ń jí, èmi ni mo ń wọ̀ wọ́n láṣọ ilé-ẹ̀kọ́, mo sì ń sùn títí di ìgbà tí mo fi ní láti lọ mú wọn padà.

Bí ọkọ rẹ bá ń wà nílé lóru, irú iṣẹ́ yìí ni mo rò pé ó bá ọ mu jù. Bí òun náà bá ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ jọ jókòó sọ ọ́ kí o tó san owó fún ẹnikẹ́ni, nítorí n kò tíì rí ilé ìtọ́jú ọmọ tí yóò ṣílẹ̀kùn fún ìyá ọmọ ní agogo mẹ́ta òru. Ìbéèrè tí ìyá yín bèèrè nípa ọmọ kì í ṣe ìbéèrè òpè. Ó tọ́ kí o ní ìdáhùn sí i lọ́wọ́.

Òfin kan wà tó ń dáàbò bò wá. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní tachograph wà nínú ọkọ̀, káàdì tìrẹ ni wàá kì bọ̀ ọ́, gbogbo ìṣẹ́jú tí o fi wakọ̀ ni yóò sì kọ sílẹ̀. O kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 4 àbọ̀ lọ láìsinmi fún ìṣẹ́jú 45. O kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 9 lọ lóòjọ́, àfi ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tí òfin gbà ọ́ láyè láti dé 10; àròpọ̀ ọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kọjá 56, ti ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀lé ara wọn kò sì gbọdọ̀ kọjá 90. Ṣùgbọ́n wákàtí tí ọkọ̀ fi ń rìn nìyẹn o. Iṣẹ́ òòjọ́ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú dídúró de àwọn tí yóò já ẹrù, lè tó wákàtí 13, ó sì lè di 15 ní àwọn ọjọ́ kan. Ibi tí àwọn tó ń wo iṣẹ́ wa láti òde kì í rí nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń rẹ ènìyàn.

Ìdáhùn (ọkùnrin, olùkọ́ ìwakọ̀, Birmingham)

Ẹ kú àròjinlẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ni ìyá tó sọ̀rọ̀ ṣáájú sọ. Ní ti ìwé àṣẹ, ìpele mẹ́ta ló kàn yín. C1 wà fún ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ ju tọ́ọ̀nù 3.5 lọ títí dé 7.5. C, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Class 2, wà fún ọkọ̀ ńlá tí orí àti ara rẹ̀ kò ṣeé tú síra. CE, tí wọ́n ń pè ní Class 1, ni ti tírélà tí à ń so mọ́ orí ọkọ̀, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lè tó tọ́ọ̀nù 44. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2021, lẹ́yìn tí àìtó awakọ̀ ti mú kí ìjọba yí òfin padà, kò pọn dandan mọ́ láti gba C kí ènìyàn tó ṣe ìdánwò CE. Bí ó bá ti dá yín lójú pé trunking ni ẹ fẹ́, ẹ lọ tààrà sí CE, kí ẹ má baà sanwó ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì.

Ara yíyẹ̀wò ló ṣáájú ohun gbogbo. Dókítà ni yóò kọ fọ́ọ̀mù D4 lẹ́yìn tó bá ti yẹ ojú yín, ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wò; fọ́ọ̀mù D2 ni ẹ ó fi tọrọ ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ DVLA, àjọ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé ìwakọ̀, àwọn kì í sì í gba owó lórí rẹ̀, ti dókítà nìkan ni ẹ ó san. Ẹ sọ òtítọ́ fún dókítà nípa ẹ̀yìn tó ń dùn yín. Kí ẹ ṣe èyí kí ẹ tó fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan ní kọ́bọ̀, nítorí mo ti rí ẹni tó san owó ẹ̀kọ́ tán kí ojú tó kọ̀ fún un níwájú dókítà. Bí ẹ bá pé ọdún 45, ẹ ó tún ara yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí ní ọdún márùn-ún márùn-ún títí di ọdún 65, tí yóò wá di ọdọọdún.

Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ló tẹ̀lé e. Ìbéèrè 100 ló wà nínú apá kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba 85. Apá kejì jẹ́ fídíò 19 tí ẹ ó ti máa tọ́ka sí ewu bí ó bá ti ń yọjú, máàkì 67 nínú 100 ni ẹ gbọ́dọ̀ ní níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí wọ́n gbọ́n jù ni fídíò yìí máa ń dà láàmú, nítorí wọ́n rò pé ojú tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ kékeré ti tó. Ìdánwò CPC, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ awakọ̀, kan tún wà tó dá lórí ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀ àti ohun tó yẹ kí ó ṣe. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn nínú ọgbà, tí ẹ ó so tírélà, tí ẹ ó sì tú u. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánwò ojú títì, àti ìdánwò ìkẹyìn tí ẹ ó ti fi han ẹni tó ń dán yín wò bí a ṣe ń yẹ ọkọ̀ wò àti bí a ṣe ń di ẹrù. Ẹ̀kọ́ kò parí síbẹ̀: wákàtí 35 ni gbogbo awakọ̀ gbọ́dọ̀ fi kẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọdún márùn-ún kọ̀ọ̀kan kí káàdì CPC rẹ̀ má baà kú.

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ ni ẹ fi gba ìwé ọkọ̀ kékeré, ẹ tètè sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí irú ọkọ̀ akẹ́rù bẹ́ẹ̀ nìkan ni ìwé tuntun yín yóò fàyè gbà bí ẹ bá tún fi irú rẹ̀ ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá ti ní ìwé ọkọ̀ oníjíà ọwọ́ kò ní ìṣòro yìí.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn alágàta. Wọ́n máa ń polówó bí ilé-ẹ̀kọ́, wọn kò sì ní ọkọ̀ kan. Owó yín ni wọ́n ń gbà, tí wọ́n á sì fi yín ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn níbi tó jìnnà. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín dé ọgbà wọn, kí ẹ rí ọkọ̀ tí ẹ ó fi kọ́ṣẹ́. Ẹ tún bèèrè ní àgbègbè yín bóyá ètò Skills Bootcamps ìjọba wà fún awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ti san owó ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sí ní gbogbo àdúgbò nígbà gbogbo.

Ìdáhùn (obìnrin, Class 2, Manchester)

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tó ń dùn yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọkọ̀ tó kéré díẹ̀ ló rọrùn fún obìnrin, òdìkejì rẹ̀ ni mo sì rí. Èmi tí mo ń wa Class 2, àgò irin tí wọ́n to ọjà kún ni mo ń tì láti àárọ̀ dé ọ̀sán, láti inú ọkọ̀ sórí pèpéle irin tó ń gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀, láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà, bí òjò ń rọ̀ bí kò rọ̀. Ẹni tó sá fún gbígbé arúgbó dìde tó wá bọ́ sídìí èyí kò tíì sinmi. Àwọn tó ń wa tírélà ńlá lóru kì í gbé ẹrù, ṣùgbọ́n àwọn náà ń fa irin tó so orí ọkọ̀ mọ́ tírélà, wọ́n ń yí ọwọ́ tó ń gbé ẹsẹ̀ tírélà sókè, wọ́n sì ń fa okùn di ẹrù. Ẹ bẹ olùkọ́ kan kí ó jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín so tírélà, kí ẹ sì tú u, kí ẹ tó pinnu, kí ẹ wo ohun tí ẹ̀yìn yín yóò sọ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Leeds, M62 ni yóò jẹ́ ọ̀nà yín. Ibi tó ga jù lórí rẹ̀ jẹ́ mítà 372, kò sì sí mọ́tòwéè mìíràn ní ilẹ̀ yìí tó ga tó o. Tírélà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ rọ́bà, bí ó bá ṣófo tí ìjì sì ń jà lórí òkè yẹn, a máa fẹ́ fò. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ lọ nígbà tí wọ́n ti kìlọ̀ ìjì, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ẹ kò lọ.

Ìdáhùn (ọkùnrin, Coventry)

Kúkúrú ni tèmi. Bí físà yín bá so mọ́ agbanisíṣẹ́ tó mú yín wá fún iṣẹ́ ìtọ́jú, ẹ má fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ wakọ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti bá agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá wà lórí físà ọkọ yín, tàbí tí ẹ ti gba ìwé ìgbélùú títí láé, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín.

Ìdáhùn (ọkùnrin, awakọ̀ tírélà, Tilbury)

Mo wa tírélà nílé kí n tó dé ibí, láti Apápá dé òkè Ọya, Ògèrè sì ni a ti máa ń sùn bí ilẹ̀ bá ṣú. Mo sọ èyí nítorí àwọn ará ilé tó lè máa ka ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà kò ṣeé pààrọ̀ sí ti Bìrìtéènì, ìwé tírélà tí FRSC fún ọ nílé kò sì fún ọ láṣẹ láti wa ọkọ̀ ńlá níbí. Ọkọ̀ kékeré nìkan ni o lè fi wà fún oṣù 12 àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn o ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni tí kò wakọ̀ rí.

Arábìnrin mi, ìyàtọ̀ ńlá tí mo rí ni pé kò sí ọmọ ọkọ̀ níbí. Nílé, ọmọ ọkọ̀ ló ń wo táyà, òun ló ń ki igi mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, òun ló ń bọ́ sílẹ̀ láti darí wa bí a bá ń fi ẹ̀yìn wọlé. Níbí, ìwọ ni ohun gbogbo. Láràárọ̀ ni o gbọ́dọ̀ yí ọkọ̀ ká, kí o wo táyà, iná, afẹ́fẹ́ bíréèkì àti ìdè ẹrù, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹrù bá já bọ́, ọ̀dọ̀ rẹ ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ wá, ẹni yòówù kí ó kó ẹrù náà. Mọ gíga tírélà tí o fà lójoojúmọ́, nítorí ó lè yàtọ̀ sí ti àná, kí o sì lo ẹ̀rọ atọ́nà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ńlá. Èyí tó wà lórí fóònù yóò mú ọ lọ sábẹ́ afárá rélùwéè tí ọkọ̀ rẹ kò lè gbà kọjá.

Ìbéèrè padà (olùbéèrè)

Ọlọ́run yóò san án fún gbogbo yín. Ọkọ mi kì í ṣiṣẹ́ òru, físà kò sì ni wá lára, nítorí náà ọ̀rọ̀ trunking yẹn ti wọ̀ mí lọ́kàn, mo sì ti fi ìdáhùn àkọ́kọ́ hàn án. Ohun méjì ló kù tó ń bà mí lẹ́rù, ẹ má bínú sí mi pé mo sọ ọ́ ní gbangba. Èkíní ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀, pàápàá ní àkókò nǹkan oṣù, àti ààbò lóru. Èkejì ni pé gbogbo ìpolówó iṣẹ́ tí mo rí ló ń bèèrè ìrírí ọdún méjì. Níbo ni ẹni tuntun yóò ti rí i?

Ìdáhùn (obìnrin, tramper, Glasgow)

Àbúrò, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ó sì dára bí o ṣe bèèrè. Òfin ìlera àti ààbò níbi iṣẹ́ ti ọdún 1992 ló bo ọ̀rọ̀ yìí, HSE, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò níbi iṣẹ́, sì ti là á yé àwọn iléeṣẹ́ pé awakọ̀ tó bá gbé ẹrù wá bá wọn ní ẹ̀tọ́ láti lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Síbẹ̀, wàá pàdé ẹni tí yóò sọ fún ọ pé ti òṣìṣẹ́ àwọn nìkan ni. Fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé òfin ni, kọ orúkọ ibẹ̀ àti àkókò sílẹ̀, kí o sì fi tó ọ̀gá rẹ létí lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí iléeṣẹ́ rẹ ló ní àdéhùn pẹ̀lú wọn. Ibùdó ńlá tí àwọn onítrunking ń lọ sáàbà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin tó mọ́. Ilé ìkẹ́rùsí kéékèèké àti ibi ìkọ́lé ló máa ń burú. Mo máa ń gbé àpò kan sórí ibùsùn ọkọ̀, pẹ̀lú páàdì, tíṣù, omi, aṣọ ìpààrọ̀ àti àpò ìdọ̀tí, n kì í sì í jẹ́ kí ìsinmi ìṣẹ́jú 45 bọ́ sí ibi tí kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Má ṣe bí àwọn tó ń kọ̀ láti mu omi kí wọ́n má baà tọ̀. Àìsàn ni wọ́n ń fà sí ara wọn.

Ní ti ààbò, ibi tí o sùn sí ló ṣe pàtàkì jù. Mo máa ń yan ọgbà ìgbọ́kọ̀sí tó ní iná àti ọgbà yíká, iléeṣẹ́ ló sì ń sanwó rẹ̀; bèèrè èyí nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò. N kì í sùn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó dá. Àwa kan máa ń fa okùn ìdẹ́rù láti ọwọ́ ilẹ̀kùn kan sí èkejì nínú ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè ṣí i láti òde. Ìwọ tí o fẹ́ máa padà sílé láàárọ̀ kò ní nílò púpọ̀ nínú èyí, ṣùgbọ́n ó dára kí o mọ̀ ọ́n. Ní ti àwọn ọkùnrin, púpọ̀ nínú wọn yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ bí wọ́n bá rí i pé o ń gbìyànjú láti fi ẹ̀yìn wọlé, àwọn díẹ̀ yóò sì dúró máa wò ọ́. Má wo ojú wọn. Dúró, bọ́ sílẹ̀, lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀, kí o padà sókè. Àwọn àgbà awakọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù.

Ìdáhùn (obìnrin, olùṣètò ìrìnnà ọkọ̀, Northampton)

Èmi ni mo ń pín iṣẹ́ fún awakọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lẹ́yìn ọdún méjì yẹn. Iléeṣẹ́ adójútòfò ló sáàbà ń bèèrè fún un, nítorí owó tí a ń san fún wọn ń gòkè bí awakọ̀ bá jẹ́ tuntun. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ní ọkọ̀ púpọ̀ máa ń gba ẹni tuntun wọlé, wọ́n á sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ àgbà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó ṣe ìdánwò, kí ẹ bèèrè bóyá wọn ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé. Àwọn mìíràn ń kọ́ òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tiwọn ní ìwakọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá lè fara da iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí fún ìgbà díẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé láìná kọ́bọ̀. Oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kejìlá, nígbà tí ọjà Kérésìmesì ń gbóná, ni ilẹ̀kùn ń ṣí jù fún ẹni tuntun, nítorí náà ẹ ṣètò ìdánwò yín kí ó parí ṣáájú àkókò náà.

Ìrírí iṣẹ́ ìtọ́jú yín kì í ṣe òfo lójú mi. Ẹni tó ti ń fi ìròyìn aláìsàn sílẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń dé lásìkò, tí kò sì ń fi ìbínú dá ẹni tó ń bú u lóhùn, ni mo ń wá. Ẹ kọ gbogbo èyí sínú ìwé ìtọrọ iṣẹ́ yín.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ kọ̀ jálẹ̀. Ẹ́jẹ́ńsì kan lè sọ fún yín pé kí ẹ dá limited company, ìyẹn iléeṣẹ́ tiyín, sílẹ̀ kí wọ́n lè máa sanwó fún yín gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò, pé owó tí yóò wọlé yóò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awakọ̀ tí kò ní ọkọ̀ tirẹ̀, tí ẹlòmíràn ń sọ ibi tó máa lọ àti ìgbà tó máa lọ fún, kì í sáàbà jẹ́ oníṣòwò lójú HMRC, àjọ tó ń gba owó orí, gbèsè owó orí sì lè padà wá bá a lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹ bèèrè fún PAYE, níbi tí agbanisíṣẹ́ ti ń yọ owó orí yín kí ó tó sanwó fún yín, kí owó ìsinmi àti owó àìsàn lè tọ́ sí yín. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ lọ sí ẹ́jẹ́ńsì mìíràn. Wọ́n pọ̀ ní ìhà Leeds àti Wakefield.